Ìwà Kì í Ṣe Ogún Ilẹ̀: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìdílé Adams ní Amẹ́ríkà

Kí a ka: 2 Tímótéù, orí 1, Èsékíẹ́lì, orí 18.

Àwọn àgbà a máa wí pé, kí a bí ni kò tó kí a tún ara ẹni bí. Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a ń pe àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ láti yẹ òwe yìí wò nínú ìtàn ìdílé kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn láti orí baba dé orí ọmọ-ọmọ.

1. Ìpìlẹ̀ ilé náà. Ní ọdún 1735 ni a bí John Adams ní Braintree, ní Massachusetts. Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀, a máa ṣe bàtà pẹ̀lú, ó sì jẹ́ díákónì nínú ìjọ wọn. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀, síbẹ̀ ó rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Harvard. John di amòfin. Ní ọdún 1770, àwọn ọmọ-ogun Ọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa ènìyàn márùn-ún ní Boston, inú ìlú sì ru gidigidi. John Adams ni ó gba ẹjọ́ àwọn ọmọ-ogun náà rò, nítorí ó dá a lójú pé kò yẹ kí a dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ láìní agbẹjọ́rò. Abigail, ọmọ àlùfáà, ni ó fi ṣe aya. Nígbà tí iṣẹ́ ìlú gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, òun ni ó ń bójú tó oko, òun náà ni ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé àti ní ìwà. John jẹ́ Ààrẹ kejì ilẹ̀ náà láti 1797 dé 1801.

2. Ọmọ tí ó gba ẹ̀kọ́ náà. John Quincy, àkọ́bí wọn lọ́kùnrin, jẹ́ Ààrẹ kẹfà láti 1825 dé 1829. Lẹ́yìn ipò gíga yìí, kò ka iṣẹ́ kékeré sí ìtìjú: ó wọ Ilé Aṣòfin ní 1831, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1848. Ní 1836 ni Ilé náà pinnu láti má ṣe gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn tí ó kórìíra oko ẹrú. John Quincy bá ìpinnu yìí jà títí a fi pa á rẹ́ ní 1844. Ní 1841, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 73, ó dúró níwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ nítorí àwọn ará Mende tí a jí gbé, tí wọ́n sì gba ọkọ̀ Amistad mọ́ àwọn tí ó kó wọn lọ́wọ́. Wọ́n gba òmìnira. Àwọn 35 nínú wọn padà sí Sierra Leone ní 1842, ilẹ̀ kan náà tí a gbé Samuel Ajayi Crowther sọ̀ kalẹ̀ sí ní 1822, nígbà tí a gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú.

3. Àwọn tí ó ṣubú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo ọmọ ilé náà ni ó rí bẹ́ẹ̀. Abigail kan náà ni ó tọ́ Charles, àbúrò John Quincy. Ọtí ni ó pa á ní 1800. Ní 1809, nígbà tí a rán John Quincy lọ ṣe aṣojú ìjọba ní Rọ́ṣíà, ó fi George, ọmọ ọdún 8, àti John, ọmọ ọdún 6, sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí. Charles Francis, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 2, nìkan ni ó bá àwọn òbí rẹ̀ lọ. Ọdún 1815 ni wọ́n tó tún fojú kan ara wọn. George ṣubú láti inú ọkọ̀ sínú omi ní 1829, ó sì kú ní ẹni ọdún 28. John kú ní 1834 ní ẹni ọdún 31. Ọtí ti ba ayé àwọn méjèèjì jẹ́.

4. Ọmọ-ọmọ tí ó tún un gbà. Charles Francis tẹ àwọn lẹ́tà ìyá-ńlá rẹ̀, Abigail, jáde ní ìwé ní 1840. Láti 1861 dé 1868 ó ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní London, ó sì sa gbogbo ipá rẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì má baà ka àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù, tí wọ́n di oko ẹrú mú, sí orílẹ̀-èdè.

Ẹ̀kọ́ wa. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn jẹ́, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò rí bákan náà. A lè pín ilẹ̀ àti ilé fún ọmọ nígbà tí ó bá ń sùn. Ìwà kò ṣe é pín bẹ́ẹ̀. Òbí ni yóò kọ́ ọ, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sì gbà á. Nítorí náà, kí òbí tí ọmọ rẹ̀ yàn kú má ṣe rò pé òun ni ó jẹ̀bi gbogbo rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yàn yè má ṣe gbéraga. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi èyí ṣe àwáwí fún ìmẹ́lẹ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹni tí ó bá sì gbé ọmọ fún ẹlòmíràn tọ́, kí ó má ṣe gbé ojú rẹ̀ kúrò lára ọmọ náà. Kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́.

Ìbéèrè: (1) Kí ni Tímótéù rí gbà lọ́wọ́ ìyá àti ìyá-ńlá rẹ̀, kí sì ni a retí pé kí òun fúnra rẹ̀ ṣe? (2) Ìwà wo ni àwọn ọmọ wa ń rí lára wa nígbà tí a kò mọ̀ pé wọ́n ń wò wá?