"Ìràwọ̀ Já Bọ́": Ó Tọ̀nà, Ó sì Níbi Tó Mọ

Bí ìmọ́lẹ̀ bá là kọjá lójú ọ̀run lóru, Yorùbá á ní ìràwọ̀ já bọ́. Àwọn kan ka gbólóhùn yìí sí àṣìṣe. Wọ́n ní ìràwọ̀ kì í já, pé oòrùn gan-an jẹ́ ìràwọ̀, ó sì tóbi ju ilé ayé lọ fíìfíì. Nítorí náà, "òkúta ojú ọ̀run" nìkan ló yẹ kí á máa kọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ìràwọ̀, àmọ́ ìyẹn kò tó láti fi bá èdè wí. A ń sọ pé oòrùn wọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ilé ẹni tó wọ̀ sí. Ohun tí ojú rí láti ilẹ̀ là ń sọ. "Já" sì bá ohun tí ojú rí mu gan-an: okùn a máa já, èso a máa já bọ́, ohun tó dúró jẹ́ẹ́ ló kúrò láyè rẹ̀ lójijì. Mànàmáná ní tirẹ̀ a máa kọ, a sì tún kọ. Ìràwọ̀ kì í kọ.

Ibi tí gbólóhùn náà mọ ni ilẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1992, iná ńlá kan gba ojú ọ̀run kọjá ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Ó mọ́lẹ̀ ju òṣùpá àrànmọ́jú lọ, ó ní àwọ̀ ewé, ó sì ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bó ṣe ń lọ. Àwọn tó gbé kámẹ́rà lọ síbi ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí i sókè, wọ́n sì ká a sórí fídíò. Ìyára ló sọ ọ́ di iná: ó ń sáré ju kìlómítà 14 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ fún pọ̀, ó gbóná, gbogbo rẹ̀ sì ń tàn yòò. Nígbà tó dé Peekskill ní ìpínlẹ̀ New York, òkúta tó wúwo tó kìlógíráàmù 12 ló dá ẹ̀yìn mọ́tò Chevrolet kan lu. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "ìràwọ̀ lu mọ́tò" ti ṣi òǹkàwé lọ́nà. Ohun tó ń tàn lókè ni ìràwọ̀ lẹ́nu wa. Èyí tí wọ́n bá lábẹ́ mọ́tò, òkúta ni.

Ẹnìkan lè ní a kúkú ní orúkọ fún òkúta tó tòkè bọ̀, ẹdùn àrá. N kò fara mọ́ ọn. Ojúbọ Ṣàngó ni ẹdùn àrá ti ní àyè, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí àwọn awalẹ̀pìtàn sì yẹ̀ wò jẹ́ orí àáké òkúta tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́. Bí a bá fi orúkọ náà pe òkúta Peekskill, a ti mú àrá wá síbi tí kò ti sán, a sì ti da ọ̀rọ̀ àwọn oníṢàngó rú mọ́ wọn lọ́wọ́. "Òkúta ojú ọ̀run" tó bẹ́ẹ̀. Kí á má sì ṣe pe ìràwọ̀ tó já bọ́ ní ìràwọ̀ oníìrù. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá: ó lè wà lójú ọ̀run fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kò sì ní já.