ÀLÙBỌ́SÀ INÚ ÀPÒ ÀTI ÀLÙBỌ́SÀ ELÉWÉ: OMI TÓ Ń GBA Ọ̀KAN LÀ LÓ Ń PA ÈKEJÌ

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọjà méjì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tà pọ̀ lórí àtẹ kan náà: àlùbọ́sà inú àpò àti àlùbọ́sà eléwé. Ọmọ ìyá ni wọ́n, òórùn wọn jọra, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò papọ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan náà mú àwọn méjèèjì, ọ̀kan á bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

KÍ NI ÌYÀTỌ̀ WỌN?

Àlùbọ́sà inú àpò, tó ń wá láti Sókótó, Kébbì, Kánò àti orílẹ̀-èdè Niger, ti gbó lóko kí wọ́n tó hú u. Ewé rẹ̀ ti wó lulẹ̀, ó ti kó oúnjẹ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó wá ń sùn. Èèpo gbígbẹ tó bò ó ni aṣọ rẹ̀. Bí aṣọ yẹn bá gbẹ dáadáa, ó lè pẹ́ fún oṣù mélòó kan.

Eléwé ní tirẹ̀ ò sùn rárá. Òmíràn jẹ́ àlùbọ́sà lásán tí wọ́n fà tu nígbà tó ṣì kéré. Òmíràn sì jẹ́ ẹ̀yà tí ìdí rẹ̀ kì í tóbi, bó ti wù kó pẹ́ lóko tó. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti fà á lomi ti ń gbẹ kúrò lára ewé rẹ̀. Bí oòrùn bá pa á lọ́jọ́ kan péré, oníbàárà ò ní í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ TI INÚ ÀPÒ

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ tẹ ọrùn rẹ̀ wò. Ọrùn tó gbẹ, tó sì pa mọ́ra la fẹ́. Èyí tó nípọn tó sì rọ̀, ibẹ̀ ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Ẹ yẹ ìsàlẹ̀ àpò wò, ẹ má wo òkè nìkan. Ẹ má gbé e sórí sìmẹ́ǹtì lásán. Ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráyè. Ẹ má kó o sínú ọ̀rá, ẹ má sì wọ́n omi sí i kó lè máa dán. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ṣà á, torí ẹyọ kan tó jẹrà á ran èyí tó fara kàn án. Èyí tó ti hu ewé kì í ṣe májèlé. Ẹ tètè tà á ní ẹ̀dínwó.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ ELÉWÉ

Ẹ rà á ní ìdájí, tòun ti gbòǹgbò. Ẹ kó o sí ibòji. Ẹ fi gbòǹgbò rẹ̀ sínú omi díẹ̀ nínú abọ́, kí ewé rẹ̀ dúró sókè, tàbí kí ẹ fi àpò tútù bò ó. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀ sínú omi, ẹ má sì dì í le jù, torí àárín ìdì á gbóná, ewé á sì máa yọ̀. Omi tó mọ́ ni o! Àwọn kan ń jẹ ewé yìí láìsè. Omi gọ́tà lè kó àrùn bá ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ọ

Ká ní ẹ ra ìdì 20, ₦300 nìkọ̀ọ̀kan. Owó yín jẹ́ ₦6,000. Bí ìdì 5 bá rọ, 15 ló kù. Ẹ gbọ́dọ̀ ta ìkọ̀ọ̀kan ní ₦400 kí owó tẹ́ ẹ kó sílẹ̀ tó pé padà, a ò tíì débi èrè. Ẹni tó bá tà á ní ₦400, tó wá ń ná ₦100 tó lé lórí rẹ̀ bí èrè, ojú owó ló ń jẹ. Bí ọjà ṣe ń kú nìyẹn, tí a ó ní ayé ló ń ṣe wá.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú kẹ́ẹ̀tì omi sún mọ́ àtẹ, ẹ bi ara yín: ṣé èyí ń sùn ni, àbí ó ṣì jí? Èyí tó ń sùn, ẹ má ta omi sí i. Èyí tó jí, ẹ má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́.

Ẹ fi ẹ̀kọ́ yìí kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá yín pàtẹ. Ọjà á tà o.