Kí Ẹ Tó Gbé Ìkòkò Kaná Nílé Oko Òyìnbó

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè tàbí àwọn ìlú etí ọ̀sà ní Ogun Waterside ló mọ abà kó tó mọ Lọ́ńdọ̀nù. Bí ilé ìwé bá ti gba ọlidé, ó di oko kòkó, ó di oko obì, a ó sì sùn lábẹ́ páànù ahéré títí ilé ìwé yóò fi wọlé. Abájọ tí inú ọmọ wa fi máa ń dùn tó bá dé Bìrìtéènì, tó wá rí i pé àwọn àgbẹ̀ òyìnbó ń fi ilé oko wọn háyà fún àlejò: ilé olókùúta láàárín pápá, ìkòkò, àwo àti bẹ́ẹ̀dì ti wà níbẹ̀, ẹ óò máa dáná fúnra yín láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Ajé tàbí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àwọn ọmọ á ríbi sáré. Ata yín ò ní ta aládùúgbò kankan nímú.

Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé àwọn arúgbó láti oṣù dé oṣù nílò irú ibẹ̀. Oúnjẹ, bàtà òjò àti aṣọ òtútù, ẹ ò nílò kí n sọ fún yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni ọ̀nà tí ìrànlọ́wọ́ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ yín bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru.

Mo mọ ìdílé kan. Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni tọkọtaya náà, yunifásítì OOU tó wà níbẹ̀ làwọn méjèèjì ti jáde. Wọn ò tíì pé ọdún kan ní Birmingham tí wọ́n fi gba ilé oko kan ní Powys, láàárín Wales, fún ọlidé oṣù Kẹwàá. Ìyàwó di gààrí Ìjẹ̀bú, ẹlúbọ́, ẹja gbígbẹ, ata lílọ̀ tó ti dì nínú ike, àti ewùrà tí yóò fi se ìkọ́kọrẹ́. Kò gbàgbé ẹyọ kan. Sickle cell ni àkọ́bí wọn ní. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n dé, ọmọ náà bá àwọn àbúrò rẹ̀ wọ odò kékeré ẹ̀yìn ilé. Omi ò kọjá kókósẹ̀, ṣùgbọ́n ó tutù, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Nígbà tí wọ́n wọlé, ilé ò móoru: epo inú táǹkì ìta ni ẹ̀rọ amúlémóoru ń lò, onílé ti yí i sí wákàtí tí yóò máa tàn, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà. Lóru, ọmọ di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, ó ń ké pé eegun ń ro òun.

Bàbá gbé fóònù, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ìjì ti mú iná lọ, Wi-Fi ti kú. Fóònù kan wà lórí tábìlì pálọ̀, ṣùgbọ́n ara Wi-Fi ni wọ́n so òun náà mọ́, ó ti kú pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá wọ mọ́tò, ó ń wá nẹ́tíwọ̀kì lọ nínú òjò. Orí òkè kan ló ti rí i. Ẹni tó gbé 999 bi í pé, "Níbo gan-an lẹ wà?" Ó sọ orúkọ ilé, ó sọ postcode. Oko mẹ́ta ló ń lo postcode yẹn. Ó ní abúlé tí àwọn kọjá, Llan ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Abúlé tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Wales pọ̀ bí ewé, àwọn mìíràn sì ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọkọ̀ ambulance dé oko tí kì í ṣe tiwọn, ó bá géètì ní títì. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìyá nìkan wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú àwọn ọmọ, kò mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà, ọkọ rẹ̀ ò sì lè pè é. Ilẹ̀ ti ń mọ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, àìsàn náà sì ti wọ àyà rẹ̀. Ọmọ yè, a dúpẹ́. Ó pẹ́ kó tó jáde.

Ẹ fi wé abà tiwa. Lọ́nà oko Ìjẹ̀bú-Igbó, orúkọ ẹni tó tẹ abà dó la fi ń pe abà. Ẹni tó ń kọjá á kí àwọn tó bá lẹ́nu iṣẹ́, "Àrokòbọ́dúndé o!" Wọ́n á dá a lóhùn, wọ́n á sì bi í pé ọmọ ta ni, abà ta ló ń lọ. Kó tó débẹ̀, wọ́n ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bí àìsàn bá dé lóru, ariwo kan ti tó: iná á tàn ní abà kejì, ẹnì kan á ti ta ọ̀kadà jí, ó di ilé ìwòsàn. Ní Ìwòpin àti àwọn ìletò etí ọ̀sà tó kù, ọkọ̀ ojú omi ni. Ẹni tó ni ọkọ̀ mọ ilé yín, ó mọ bàbá yín. Àìní dókítà lọ́dọ̀ wa ń dùn mí, ọ̀nà tó bàjẹ́ ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí wọn ò rí gbé nítorí pé wọn ò mọ abà tó wà.

Níbí, dókítà wà, ọkọ̀ wà, hẹlikópítà pàápàá wà, ẹni tó pe 999 ò sì ní san kọ́bọ̀ fún ìpè náà. Ẹni tó mọ̀ yín ni kò sí. Àgbẹ̀ tó ni ilé lè máa gbé ibòmíràn. Ẹ lè wa mọ́tò títí lójú ọ̀nà oko lóru láìrí ẹni tí ẹ óò bi léèrè. Iṣẹ́ tí aládùúgbò ń ṣe fún wa ní abà, àfi kí ẹ ṣe é sílẹ̀ fúnra yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi onílé pé: nẹ́tíwọ̀kì wo ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé gan-an? Bí iná bá lọ, kí la óò fi pe èèyàn? Wọ́n ń kó fóònù inú ilé káàkiri Bìrìtéènì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ parí ní oṣù Kìíní ọdún 2027. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ bí iná bá ti lọ, àfi tó bá ní bátìrì. Bí nẹ́tíwọ̀kì yín ò bá sí, 999 lè gba orí nẹ́tíwọ̀kì ilé iṣẹ́ mìíràn tó bá wà lágbègbè. Bó bá tín-ín-rín débi pé ìpè ò wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ lè wọlé, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ tẹ "register", ẹ fi ránṣẹ́ sí 999, kí ẹ sì tẹ̀ lé èsì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Ẹ ṣe é lónìí, nínú ilé tí ẹ ti ń kà á yìí.

Ẹ gba áàpù what3words sórí fóònù. Ó pín gbogbo ayé sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, mítà mẹ́ta níbùú àti lóròó, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ó lè sọ ibi tí ẹ dúró sí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń gbé 999 sì mọ̀ ọ́n lò. Bí ẹ bá ti dé, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà sórí ìwé ní lẹ́tà gàdàgbà. Ẹ kọ orúkọ ilé, orúkọ oko, orúkọ abúlé àti nọ́ńbà títì ńlá tó sún mọ́ yín tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ń sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn tiwa àti tiwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ara wọn.

Ẹ mọ ilé ìwòsàn tí ẹ óò lọ. Powys fẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò ní ilé ìwòsàn gbogbogbòò ńlá kankan tirẹ̀. Hereford, Shrewsbury tàbí Aberystwyth làwọn ará ibẹ̀ ń lọ. Ọ̀nà tóóró tí mọ́tò méjì ò lè gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko. Nítorí náà, ẹ dé ní ojúmọmọ, kí ẹni tó ń wakọ̀ sì tún ọ̀nà ilé dé títì rìn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ní sickle cell, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù. Òtútù, atẹ́gùn, omi tútù àti òùngbẹ lè fa crisis, ìyẹn ìrora líle àìsàn náà, gbogbo wọn ló sì pọ̀ lóko òyìnbó. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà yín tó sọ irú àìsàn ọmọ náà àti oògùn tí wọ́n ń lò fún ìrora rẹ̀, nítorí àwọn dókítà ìgbèríko kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àìsàn yìí bí ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Birmingham. Láti ọdún 2012 ni ìlànà ìtọ́jú NICE ní England ti ní kí aláìsàn tí crisis mú rí oògùn ìrora gbà láàárín ìṣẹ́jú 30 tó bá dé ilé ìwòsàn. Ìwádìí tí àwọn aṣòfin Bìrìtéènì gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tí wọ́n pè ní No One's Listening, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ni wọn kì í tọ́jú bó ṣe yẹ. Ẹ mọ ẹ̀tọ́ ọmọ yín, kí ẹ sì fẹnu sọ ọ́. Bí ẹ bá ń wá ilé, ẹ wá èyí tí ilé ìwòsàn ńlá ò jìnnà sí. Onílé gbọ́dọ̀ fi bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ amúlémóoru hàn yín kó tó kúrò níbẹ̀.

Aboyún náà ní ìkìlọ̀ tirẹ̀. Ìgbà ìrúwé, láti bí oṣù Kejì, ni àgùntàn ń bímọ, àwọn ọmọ á sì fẹ́ fún ọmọ àgùntàn ní mílíìkì. Aboyún ò gbọdọ̀ sún mọ́ àgùntàn tó ń bímọ tàbí ọmọ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fọ bàtà tàbí aṣọ ẹni tó lọ síbẹ̀. Kòkòrò ara wọn lè ba oyún jẹ́.  

Ẹ ṣọ́ra fún iná èédú pẹ̀lú. Bí òjò bá lé yín kúrò níbi tí ẹ ti ń sun ẹran, ẹ má gbé èédú wọlé, kódà bó dà bíi pé ó ti kú. Èéfín tí kò lóòórùn tó ń pa ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé ní Nàìjíríà, òun náà ló wà nínú èédú yẹn.

Bí bàbá tàbí ìyá bá ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá kí yín, ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìlera fún wọn kí wọ́n tó wọ bàálù. Bí ilé ìwòsàn bá dá àlejò dúró, owó tí wọn yóò bù fún un wúwo gan-an.

Ẹ lọ o, ẹ gbádùn ara yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dé, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ kọ àdírẹ́sì yẹn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì, kí ẹ sì kọ́ ọmọ yín tó dàgbà jù bí wọ́n ṣe ń kà á fún ẹni tó bá gbé 999.