Fọlákẹ́, Ta Ló Ń Tọ́jú Oògùn Ìyá Ẹ?

Fọlákẹ́, má wulẹ̀ fi ìkúnlẹ̀ yẹn tù mí lójú, inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ẹ, sọ níṣojú ẹ pé ilé ayé ti sú àwọn, pé àwọn fẹ́ lọ bá bàbá yín. Ìwọ ní kí wọ́n yé sọ̀rọ̀ burúkú jáde lẹ́nu, o wá tan orin ìsìn fún wọn. Orin dáa. Ta ló bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú wọn?

Béèrè, ọmọ mi. ‘Mọ́mì, ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn láti gbẹ̀mí ara yín?’ Má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ìbéèrè kì í ti èèyàn síbẹ̀. Ẹni tó ti ń dá a rò á rí ẹni bá a sọ ọ́ ni. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má fi àwọn nìkan sílẹ̀, gbé wọn lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Láti Ìta-Èkó dé ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Arò, èló lowó ọkọ̀? O ní aráyé á ní wọ́n ya wèrè. Aráyé dà? Ní 1954 ni Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn sílé àwọn ará abúlé tó yí Arò ká, tòun ti mọ̀lẹ́bí wọn, tí wọ́n ń jọ ra, tí wọ́n ń jọ tà.

Ká wá sórí oògùn. Kí ni mo bá nínú báàgì wọn? Diazepam tí o rà ní kẹ́míìsì kí wọ́n lè sùn, amitriptyline tí dókítà kọ, àti èyí tó ṣẹ́ kù lára oògùn bàbá ẹ. Kí ni oògùn olóògbé ń wá nínú báàgì opó? Diazepam kì í tètè kúrò lára àgbà. Ilẹ̀ á mọ́, oorun á ṣì wà lójú, ẹsẹ̀ ò ní ranlẹ̀, wọ́n á ṣubú, egungun ìbàdí á kán. Amitriptyline á gbẹ wọ́n lẹ́nu, á mú ìgbẹ́ le, iyè á máa ra. Méjèèjì lára ẹni ọdún 74! Àmọ́ má sáré kó diazepam dànù o. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́, tó bá já a lójijì, gìrì lè gbé e. Dókítà ni kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Oògùn tí dókítà bá ní kí wọ́n ṣì máa lò, tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ. Ti ọjọ́ kan ni kí o máa kó fún wọn. Ní fámásì, má gba ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Èrò ikú máa ń dé bí ìjì, ó sì máa ń kọjá. Kó má bá nǹkan nítòsí ni.

O ní ọjọ́ márùn-ún rèé tí wọ́n ti ń lo amitriptyline, ara wọn ò tíì yá. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ti àgbà lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí dókítà bá pààrọ̀ ẹ̀ sí sertraline, ní kó yẹ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí ó lè já wálẹ̀.

Ó yá, jẹ àmàlà yẹn kó tó tutù. Èmi ni màá sùn tì wọ́n lálẹ́ òní. Ìwọ náà, ojú ẹ ti wọnú.