Ẹ Má Ṣe Jẹ Ẹ̀bù Òwò Yín

Òwò ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lónìí, nítorí kò sí ìdílé àgbẹ̀ láàárín wa tí kì í rà, tí kì í sì í tà. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ ń yan gàrí, ẹni tó gbin àgbàdo ń ta ògì, òmíràn sì ní ìsọ̀ kékeré tó ti ń ta iyọ̀ àti ọṣẹ. Àwọn àgbà ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí oníṣòwò máa yẹ òwò rẹ̀ wò léraléra, pàápàá nígbà tí iye owó ọjà kò dúró sójú kan.

1. Ohun tí ojú wa ti rí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí CBN ń pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000, owó tí a ń ná lọ́wọ́ di ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tó ní ọjà kò rí ẹni tó ní owó láti rà á. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ní ilé epo NNPC ti kọjá ₦480. Ní oṣù Kẹfà, náírà tún já wálẹ̀ gidigidi sí dọ́là. Owó ọkọ̀ gun òkè, owó ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ náà gun òkè.

Kò sí àgbẹ̀ tó lè mọ ọjọ́ tí irú èyí yóò tún dé. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ṣírò owó wa wà ní ìkáwọ́ wa.

2. Èrè tí kì í ṣe èrè

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ìyá kan ra ẹ̀gẹ́ ₦40,000. Ó san ₦5,000 fún àwọn tó bá a bó o, ₦4,000 fún ẹ̀rọ, ₦6,000 fún igi ìdáná, àti ₦5,000 fún ọkọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Ó ta gàrí náà ní ₦72,000. Ó ní òun jèrè ₦12,000, ó sì fi í san owó ìwé ọmọ.

Nígbà tó padà lọ ra ẹ̀gẹ́ iye kan náà, ₦50,000 ni wọ́n pè é. Àwọn tó ń bó o ṣì gba ₦5,000, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ di ₦5,500, igi di ₦6,500, ọkọ̀ di ₦8,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦75,000, bẹ́ẹ̀ ₦60,000 péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà, bí kò bá tilẹ̀ ná kọ́bọ̀ nínú èrè náà, ₦3,000 ṣì ń dín.

Ohun rere ni owó ìwé ọmọ. Ṣùgbọ́n ojú owó ni ìyá yìí fi san án, kì í ṣe èrè. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí i, òwò náà yóò parẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tòun ti pé ó ń tà lójoojúmọ́.

3. Ìlànà ẹ̀bù

Kò sí àgbẹ̀ tó ń wa iṣu tí kì í ya ẹ̀bù sọ́tọ̀ kí ó tó jẹun. Ojú owó ni ẹ̀bù òwò. Nítorí náà, kí ẹ tó dá iye lé ọjà, ẹ má wo iye tí ẹ rà á nìkan. Ẹ béèrè pé: èló ni n ó fi ṣe òmíràn lónìí? Bí ẹ bá tà tán, ẹ pín owó náà báyìí:

(a) Èyí tí yóò ṣe òmíràn ní iye ti òní. Èyí ni ẹ̀bù.
(b) Díẹ̀ fún ọjọ́ ìṣòro.
(d) Ìyókù fún ilé.

Bí kò bá sí ohun tó kù lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, òwò náà kò tíì jèrè. Bí ẹ kò bá lè fi owó lé ọjà kí oníbàárà má baà sá, ẹ dín ìnáwó kù. Ẹni mẹ́ta lè kó gàrí wọn pọ̀ sínú ọkọ̀ kan.

4. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan

Ẹ̀gẹ́ tí a ti wà kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ti gbó lẹ́yìn oṣù 9 sí 12 ṣì lè dúró nínú ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má wà á kí ẹ tó mọ ẹni tí yóò rà á. Ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ títí yóò fi di igi. Gàrí tó gbẹ dáadáa lè pẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ẹ fi díẹ̀ pamọ́ bí ọjà, díẹ̀ bí owó lọ́wọ́, díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Àwa tí a wà ní ilẹ̀ àjò jìnnà sí ẹbí tí ì bá yá wa lówó. Ẹni tó bá jẹ ojú owó tán, ọ̀dọ̀ olówó sogúndogójì ni yóò balẹ̀ sí. Bí a bá sì ń lọ ilé fún ọdún, kí a ti máa tọ́jú owó ọ̀nà àti ti aṣọ láti ìgbà tí a bá ti ń gbin nǹkan, kí a má baà fi owó ọjà ṣe ọdún.

Iṣẹ́ fún oṣù yìí

1. Kọ gbogbo ohun tí o ná lórí ọjà tí o tà kẹ́yìn. Bí o kò bá mọ ìwé kọ, kí ọmọ rẹ bá ọ kọ ọ́.
2. Èló ni yóò ná ọ láti ṣe òmíràn lónìí?
3. Ǹjẹ́ owó tó wà lọ́wọ́ rẹ tó o? Bí kò bá tó, níbo ni ẹ̀bù náà gbà lọ?

Kí tọkọtaya jókòó pọ̀ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, kí owó tó jáde fún ohunkóhun mìíràn. Ire o.