Ìṣó, Igi àti Ìjì: Kíkọ́ Ọ̀rọ̀-Ìṣe Asínpọ̀ Nípasẹ̀ Ilé Onígi

Èdè tí a kò fi ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ kì í pẹ́ di èdè ìkíni lásán. Ewu yìí wà ní Alabar, àdúgbò ìṣòwò kan ní Kumasi, orílẹ̀-èdè Ghana. Yorùbá kò sí lára èdè 11 tí ìjọba Ghana fọwọ́ sí fún ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá sì ti kúrò ní Ghana lẹ́yìn àṣẹ oṣù kọkànlá ọdún 1969, tí ó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ọwọ́ òbí àti olùkọ́ ni ó kù sí kí ọmọ ibẹ̀ tó lè fi Yorùbá ronú nípa ilé tí ó ń gbé.

Ète ẹ̀kọ́: Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tọ́ sọ ọ̀nà tí agbára ìjì ń gbà nínú ilé onígi.

Àlàyé: Ìjì a ti ògiri tí ó kọjú sí i. Ògiri náà a gbé agbára yìí fún òrùlé. Òrùlé a pín in fún àwọn ògiri ẹ̀gbẹ́. Àwọn wọ̀nyí a gbé e sọ̀kalẹ̀ dé ìpìlẹ̀. Ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, ìṣó tàbí irin pẹlẹbẹ ni ó ń gba agbára lára igi kan fún èkejì. Bí oríkèé bá tú, líle igi kò lè gba ilé là.

Ìṣó tí a tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń dúró dáadáa, nítorí pé igi dì í mú, irin rẹ̀ kò sì tètè tẹ̀. Èyí tí a fà ní gígùn rẹ̀ tètè ń yọ, pàápàá bí a bá kàn án wọ ojú ibi tí a ti gé igi ní ìdábùú. Nítorí náà ni a fi ń fi irin pẹlẹbẹ so igi òrùlé mọ́ ògiri: bí ìjì bá ń gbé òrùlé sókè, ẹ̀gbẹ́ ni irin náà yóò ti ìṣó sí, kò ní fà á yọ.

Àkíyèsí: “Fà” nìkan sọ ìṣe, “fà yọ” sọ ìṣe àti àbájáde rẹ̀. “Ìjì ba ilé jẹ́” kò sọ ibi tí ilé ti kùnà.

Ìdánrawò: Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba pákó méjì tí a fi ìṣó kan kàn pọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì fà wọ́n yà lẹ́yìn náà. Kí wọ́n wá fi gbólóhùn márùn-ún ṣàlàyé ohun tí ìṣó ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ya “tì” sọ́tọ̀ kúrò lára “fà yọ” ti mọ gírámà, ó sì ti mọ ìdí tí òrùlé fi ń ṣí.