Omi Wà Nínú Àgbá, Síbẹ̀ Ẹ́ńjìnnì Ń Hó

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ wo irú ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ní Adakplamè àti káàkiri ilẹ̀ Kétu. Àgbá omi kan dúró tì í. Páìpù méjì ló so wọ́n pọ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Kò sí ohun tó ń fa omi náà, síbẹ̀ ó ń rìn. Kí ló ń gbé e rìn?

Ooru ni. Nínú epo tó ń jó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń di agbára tó ń yí ọlọ. Ìyókù di ooru: apá kan bá èéfín lọ, apá kan wọ inú irin. Bí a kò bá gba èyí lára irin, písítọ̀nù yóò wú, yóò sì há. Omi tó yí irin ká ló ń gbà á. Omi tó gbóná a máa fẹ̀, á sì fúyẹ́ ju omi tútù lọ. Á gba páìpù òkè bọ́ sínú àgbá, omi tútù á sì gba ti ìsàlẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Èyí la ń pè ní ìyípo omi nípa ooru, thermosiphon lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹ́ńjìnnì bá wá ń hó ńkọ́? Ẹ pa á, ṣùgbọ́n ẹ má da omi tútù sí i. Irin gbígbóná tí omi tútù bá lójijì a máa súnkì lápá kan kí apá kejì tó súnkì, ibẹ̀ ló ti ń sán. Ẹ rọra fọwọ́ kan àgbá.

Bí àgbá bá tutù, omi kò yí nìyẹn. Ẹ wo inú rẹ̀: ṣé omi ṣì bo ẹnu páìpù òkè? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí omi tó ju ìdajì àgbá lọ, wọ́n á ní ó tó. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti rẹlẹ̀ ju ẹnu páìpù yẹn, omi gbígbóná kò rọ́nà padà sínú àgbá mọ́, ìyípo sì já. Nílẹ̀ Kétu, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n lọ́gbẹlẹ̀, n kò lè bá ẹni tó ń ṣọ́ omi lò wí. Ẹ́ńjìnnì ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí omi bá pé, ìdọ̀tí lè ti dí páìpù ìsàlẹ̀. Ẹfun sì lè ti lẹ̀ mọ́ irin nínú. Omi tó bá gba inú òkúta ẹfun kọjá, irú èyí tí wọ́n ń wà fún sìmẹ́ńtì ní Onígbólò, a máa gbé ẹfun dání. Bó bá gbóná, ẹfun á dì mọ́ irin, ooru kì í sì í tètè la ẹfun kọjá. Omi òjò kò ní ẹfun, òun ni mo yàn láàyò.

Bí àgbá bá gbóná tòkè-tilẹ̀, ẹ má tú páìpù kankan. Omi ń yí. Àgbá ló kéré síṣẹ́. Ẹ fi òmíràn kún un, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa sinmi. Ṣùgbọ́n bí omi àgbá bá ń ru fòò nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná rárá, ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó, kí èéfín sì máa wọnú omi. Mẹkáníìkì ni kí ẹ pè.